Ẹ Má Sanwó Mọ́tò Tí Ẹ Kò Tíì Wà

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ìyá ọkọ tí ẹ ti mọ̀ wá mọ́. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni. Ẹ má sì sọ pé kò kàn yín nítorí pé ẹsẹ̀ lẹ fi ń rìn, tàbí pé ọ̀kadà ló ń gbé yín lọ sọ́jà. Ẹni tí kò ní mọ́tò lónìí, ọmọ rẹ̀ lè ra ọ̀kan fún un lọ́la. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn nínú lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Adó-Èkìtì. Arábìnrin kan tó ń ta aṣọ ló kọ ọ́. Ó ní ká má dárúkọ òun, a ò sì ní í dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó kọ ná:

“Ẹ̀gbọ́n wa, mo kí yín o. Àwa mẹ́ta ni bàbá wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní London, àbúrò mi ọkùnrin wà ní Àbújá, èmi ni mo wà nílé lọ́dọ̀ bàbá. Tíṣà ni bàbá wa kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì wọn kò tíì gbọ́ràn dáadáa. Oṣooṣù la máa ń gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Táksí la máa ń háyà, owó rẹ̀ ò sì kéré mọ́. Bí dírẹ́bà ò bá wá lásìkò, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn.

“Àwọn arákùnrin mi méjèèjì wá ní ká dáwó jọ, ká ra mọ́tò kékeré kan, tuntun ni o, kì í ṣe tòkunbọ̀, kí n máa fi gbé bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi fi owó tó fẹ́ fi tún ilé ṣe sílẹ̀. Àbúrò mi yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Èmi náà kó èrè ọjà mi ọdún méjì lé e.

“Mo lọ sí Àkúrẹ́. Ilé ìtajà méjì ni mo dé, irú mọ́tò kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń tà. Ibi àkọ́kọ́, ilé onígíláàsì ni. Wọ́n fún mi ní omi tútù, wọ́n fún mi ní àga tìmùtìmù. Iye tí wọ́n pè é fi N600,000 dín sí ti ibì kejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wà á wò, ọmọkùnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. Ó ní, ‘Mọ́mì, mọ́tò tuntun ni, kí lẹ tún fẹ́ wò lára ẹ̀?’ Ó ní kí n tètè san ìdajì owó, kí dọ́là má baà gbé e sókè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Níbì kejì, mo jókòó fún wákàtí kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ọkùnrin àgbàlagbà kan ló jáde wá, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Ṣùgbọ́n ó gba láísẹ́ǹsì mi, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́, ó jókòó tì mí, mo wa mọ́tò náà dé ìkòríta kejì, a sì padà.

“Ẹ̀gbọ́n mi ní London ní bí mi ò bá wa èyí tí mo fẹ́ rà, òun ò ní í fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Àbúrò mi ní Àbújá ní mọ́tò tuntun kì í ní àrùn, kí n sanwó kíá. Wọ́n ti ń bára wọn jà lórí fóònù. Bàbá wá ní bó bá jẹ́ pé ìjà ni mọ́tò yìí fẹ́ dá sílẹ̀, ká dá owó padà fún olówó, òun á máa wọ táksí òun lọ. Ẹ̀gbọ́n wa, ibo ni kí n ti ra mọ́tò yìí?”

Lẹ́tà nìyẹn o. Àbúrò mi obìnrin, Ọlọ́run á fún bàbá ní àlàáfíà. Owó ilé, owó ẹ̀yáwó àti èrè ọdún méjì lẹ dà pọ̀ yìí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn fi ń ṣeré. Nítorí náà, a ó fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, bí a ṣe ń tú iṣu lébè.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọmọkùnrin onílé gíláàsì lóhùn. Ó ní kí lẹ fẹ́ wò lára mọ́tò tuntun. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbẹ̀ lásìkò owó Udoji yóò rántí. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji jábọ̀ lọ́dún 1974, nígbà tó sì di 1975, owó bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba rẹpẹtẹ. Ọdún 1975 yẹn kan náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Tíṣà ń ra ìjàpá Volkswagen, ọ̀gá àgbà ń ra Peugeot 504. Orúkọ SCOA, UTC, Mandilas àti R.T. Briscoe ò wọ́n lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Lákòókò yẹn, owó tó ń wá mọ́tò pọ̀ ju mọ́tò lọ. Ta ló fẹ́ gbójú gbóyà kó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wà á wò kóun tó sanwó? Bí wọ́n bá ti ní tìrẹ ti dé, ijó lo máa jó wọlé. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń tajà ti kọ́ pé òun lọ̀gá, ẹni tó ń rajà ló ń tọrọ.

Nígbà tó di 1986, ètò ọrọ̀ ajé SAP ti ìjọba Babangida wọlé, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ tíṣà. Tòkunbọ̀ gba ìgboro. Ẹ wáá wo nǹkan o. Ẹni tó bá ń lọ ra tòkunbọ̀ ní Kútọnu láyé ọjọ́un, mẹkáníìkì rẹ̀ ń bá a lọ. Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó mọ́tò gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti January 2017, ṣùgbọ́n àṣà àyẹ̀wò yẹn ò bá a lọ. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ l'Ádó, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò wo èéfín ìdí rẹ̀, yóò yọ ọ̀pá ọ́ìlì, yóò fi àtàǹpàkò gbá ara rẹ̀ wò bóyá wọ́n ti fi póòtì dí i. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e yí gbogbo Àjìlósùn ká. Èyí tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́wàá lókè òkun là ń yẹ̀ wò tó báyẹn. Èyí tí owó rẹ̀ tó ìlọ́po mélòó kan, wọ́n ní ká sanwó ká má bèèrè. Ẹ dákun, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún dojú rú?

Sí àbúrò wa ní Àbújá tó ní mọ́tò tuntun kì í ní àrùn. Àbúrò mi, ó máa ń ní in. Toyota fúnra rẹ̀, tí gbogbo wa ń fi búra, pe mílíọ̀nù mọ́tò padà láàárín ọdún 2009 sí 2010 nítorí ibi tí dírẹ́bà ń tẹ̀ kí mọ́tò tó sáré. Àwọn kan nínú rẹ̀ a máa há mọ́lẹ̀. Takata, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń wú jáde nígbà ìjàǹbá, bá ara rẹ̀ nínú gbèsè tó sọ ọ́ di ẹdun arinlẹ̀ lọ́dún 2017, nítorí àpò tó yẹ kó dáàbò bo èèyàn ń bú gbàmù, ó ń fọ́n irin sí wọn lára. Mọ́tò oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ ni wọ́n pè padà káàkiri ayé lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Tuntun ni gbogbo wọn nígbà tí wọ́n tà wọ́n.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó bá wa mọ́tò dé ìkòríta kejì kò lè mọ̀ pé àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ò dáa. Ìdí rèé tí wíwà á wò nìkan ò fi tó, tó fi yẹ ká yẹ ilé tó ń tà á wò pẹ̀lú. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò bá kígbe pé kí gbogbo èèyàn kó o padà wá, ta ni yóò pè ọ́? Ẹni tó tà á fún ọ ni. Bí kò bá kọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ sínú ìwé, tí kò sì ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò ti tún un ṣe, o ò ní í gbọ́, mọ́tò náà yóò sì máa gbé bàbá rẹ kiri. Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tó ń tajà náà. Wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Olè ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn pé òun fẹ́ wà á wò, ó sì di àwátì. Ẹlòmíràn ò ní láísẹ́ǹsì, ẹlòmíràn kàn wá fi mọ́tò gbafẹ́ ni. Bí èèyàn ogún bá sì ti wa mọ́tò kan, ta ni yóò tún sọ pé tuntun ni? Nítorí náà ni àwọn ilé ìtajà tó mọ iṣẹ́ wọn, ní London tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà àti níhìn-ín, fi máa ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún wíwà wò. Wọn yóò gba láísẹ́ǹsì rẹ, òṣìṣẹ́ wọn yóò sì jókòó tì ọ́. Ohun tí ọkùnrin àgbàlagbà yẹn ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Pé ó yẹ láísẹ́ǹsì rẹ wò kì í ṣe àrífín, iṣẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. Ìwọ náà, bó o bá ń lọ, mú láísẹ́ǹsì tó ṣì lẹ́mìí lọ́wọ́, má sì lọ bí o kò bá ní in lọ́kàn láti rà.

Ṣùgbọ́n àbúrò mi, ìkòríta kejì kéré. Ibi tó tẹ́jú ni ìgboro Àkúrẹ́ lápá ibẹ̀. Ìwọ ò sì fẹ́ máa gbé bàbá láti ìkòríta kan dé èkejì. Adó ni ilé yín, Ìdó lẹ̀ ń lọ. Òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló kún ilẹ̀ wa. Mọ́tò tí kò bá lè gun òkè Ayọ̀ba pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin nínú, tí amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́, kí lo fẹ́ fi ṣe? Bó bá ṣe bí ẹni ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè lọ́jọ́ tó ṣì tuntun, báwo ni yóò ṣe rí bó bá pé ọdún márùn-ún?

Bí wọ́n ṣe ń wà á wò nìyí, kí gbogbo òǹkàwé gé e pamọ́:

Lọ láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná kó o tó dé, a jẹ́ pé ẹnì kan ti jí i kó o má baà gbọ́ bó ṣe ń húkọ́. Nígbà tó o bá yí kọ́kọ́rọ́, àwọn iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, lẹ́yìn náà wọn yóò kú. Èyí tí kò bá kú, bi wọ́n léèrè. Èyí tí kò tilẹ̀ tàn rárá, bi wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Pa rédíò. Ọ̀pọ̀ tó ń tajà ló fẹ́ràn orin bí wọ́n bá ń gbé oníbàárà jáde. Sọ fún wọn pé mọ́tò lo wá gbọ́.

Wá ibi tó tẹ́jú, tí kò sí èrò. Jọ̀wọ́ sítíárìn díẹ̀, kó o wò ó bóyá mọ́tò ń fà sápá kan. Tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà kó o tẹ̀ ẹ́ gidi, nígbà tó o bá ti wo ẹ̀yìn pé kò sẹ́nì kankan. Dúró láàárín òkè, kó o tún gbéra. Fi rìfáàsì wọ ibi tóóró. Gbé e gba kòtò kan tàbí méjì, nítorí kò sí ẹni tí ò mọ bí ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́ ti fojú àwọn onímọ́tò rí màbo láti ọdún yìí wá. Bí ikùn mọ́tò bá ń ha ilẹ̀ pẹ̀lú èèyàn méjì péré, má retí pé yóò sàn bí ẹ bá di márùn-ún.

Lẹ́yìn náà ni kó o wo táyà. Táyà tuntun lè ti gbó lórí ìdúró. Wá àmì DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Bó o bá rí 3222, ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2022 nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ọdún yìí ni mọ́tò dé, táyà rẹ̀ sì ti lé lọ́dún mẹ́ta, bi wọ́n pé ibo ló wà látọjọ́ yìí, ṣé abẹ́ òjò àti oòrùn ni. Kó o wá wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Èyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára mọ́tò àti èyí tó wà nínú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, láìyẹ ẹyọ kan.

Àbúrò mi, mo fẹ́ kó o gbọ́ eléyìí ju gbogbo ìyókù lọ. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, àwọn ilé ìtajà méjèèjì ò bi ọ́ pé ta ni mọ́tò yìí fẹ́ máa gbé. Ìwọ náà sì wà á fúnra rẹ, bàbá kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bàbá ni wọ́n ń tìtorí wọn rà á. Apá ọ̀tún ni ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà ń gbà wọlé nílẹ̀ wa. Bí ó bá ti fìdí lé àga, ẹsẹ̀ òsì ni yóò kọ́kọ́ gbé wọlé. Ẹsẹ̀ òsì bàbá ni kò gbọ́ràn. Ṣé ilẹ̀kùn náà ṣí gbayawu tó? Ṣé ibi tí wọn yóò gbé ẹsẹ̀ kọjá kò ga jù? Ṣé àga náà kò rẹlẹ̀ débi pé ènìyàn méjì ni yóò máa fà wọ́n dìde? Ibo ni wọn yóò fọwọ́ dì mú? Ibo ni wọn yóò gbé ọ̀pá sí? Bí dókítà bá ní kí wọ́n lo kẹ̀kẹ́ arọ nígbà kan, ṣé yóò wọ búùtù? Kò sí ìwé ìpolówó tó lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí. Bàbá nìkan ló lè dáhùn rẹ̀, nípa jíjókòó, kí wọ́n sì dìde, ní ìgbà mẹ́ta.

O ó ní ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn fún aláìsàn. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ lo ti máa dán ilé ìtajà méjèèjì wò. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù October 1996, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú wa, ó sì ti mọ́ wa lára láti máa lọ bá wọn níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ní kí wọ́n wá bá ọ. Tẹ àwọn méjèèjì láago. Sọ pé, “Ẹ gbé mọ́tò tí ẹ fi ń jẹ́ kí èèyàn wà á wò wá sí Adó. Bàbá wa ò lè rin ọ̀nà jíjìn. Èmi ni máa ra epo rẹ̀.” Bí ó bá dé, kó bàbá sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ gba Ìworòkò àti Ifákì lọ sí Ìdó, kẹ́ ẹ padà, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ wọn nínú mọ́tò. Ẹni tó bá gbà ti fi hàn ọ́ irú èèyàn tóun máa jẹ́ lọ́jọ́ tí mọ́tò bá kọṣẹ́. Ẹni tó bá kọ̀ nígbà tí owó ṣì wà lápò rẹ, ṣé nígbà tí owó bá ti wà lápò tirẹ̀ ni yóò wá gbà?

Ó ku ọ̀rọ̀ N600,000. Owó ńlá ni, mi ò sì ní í fi ṣeré. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n fẹnu pè kì í ṣe iye tí mọ́tò jẹ́. Gba ìwé iye owó lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, kí déètì wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí iye náà yóò ṣiṣẹ́ dà síbẹ̀. Ìyẹn ni oògùn dọ́là tó ń gbé owó sókè. Láti June 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà, òótọ́ ni pé iye owó mọ́tò kì í dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn náà ni àwọn kan fi ń lé oníbàárà sáré kó má baà rójú ronú. Ẹni tó bá lè kọ iye sínú ìwé fún ọjọ́ méje, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lórí ọjà rẹ̀.

Nínú ìwé yẹn, wo nǹkan wọ̀nyí. Ṣé owó nọ́ńbà àti pàtíkúlà wà níbẹ̀? Ṣé ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀, irú èwo sì ni? Láti January 2023, N15,000 ni ìnṣọ́ránsì tó kéré jù fún mọ́tò ara ẹni, ṣùgbọ́n mọ́tò ẹlòmíràn tó o bá gbá nìyẹn ń tún ṣe, kì í tún tìrẹ ṣe. Ṣé sáfíìsì àkọ́kọ́ wà níbẹ̀, tàbí ìwọ lo máa sanwó rẹ̀? Táyà ìpamọ́ ńkọ́, jáàkì ńkọ́, kọ́kọ́rọ́ kejì ńkọ́? Ta ló máa gbé e dé Adó? Bó o bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán, N600,000 yẹn lè di N100,000, ó sì lè má kù rárá. Bó bá ṣì pé N600,000, a jẹ́ pé èrè gidi ni, kó o fi í sínú ìrònú.

Lẹ́yìn náà, bèèrè wáráńtì. Bí wọ́n bá ní ọdún mẹ́ta tàbí 100,000 kìlómítà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló parí rẹ̀. Kí ló bò, kí ni kò bò? Bí mẹkáníìkì wa l'Ádó bá pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ṣé wáráńtì ti kú nìyẹn? Nígbà gbogbo tó bá tó àkókò sáfíìsì, ṣé dandan ni kó o lọ sí Àkúrẹ́? Owó epo, owó iṣẹ́ àti ọjọ́ ọjà tó o máa pàdánù, gbogbo rẹ̀ wà nínú iye owó mọ́tò.

Má sì fi yàrá onígíláàsì ṣe ìdájọ́ o. Yàrá àlejò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàwó ilé, kó wo ilé ìdáná. Yí sẹ́yìn lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù wọn. Lọ láàárọ̀ Monday nígbà tí àwọn tó ti ra mọ́tò ṣáájú bá ń gbé e bọ̀ fún sáfíìsì. Kí wọn, kó o bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi máa ń dá mọ́tò yín dúró? Ṣé wọ́n máa ń ní páàtì nílẹ̀, àbí wọ́n ń retí rẹ̀ láti Èkó? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó tún ra òmíràn níbí? Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wákàtí kan tó o fi jókòó níbì kejì yẹn kì í ṣe ohun tí a ó gbójú fò. Bí wọ́n bá fi wákàtí kan dá ẹni tó fẹ́ fún wọn lówó dúró, bèèrè lọ́wọ́ àwọn onímọ́tò iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń dá ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ wọn dúró. Ó lè jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn ni. Ó sì lè jẹ́ ìwà wọn.

Òfin náà ò gbàgbé rẹ. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí níbẹ̀rẹ̀ 2019, fún ọ ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kó o tó rà á, láti mọ iye rẹ̀, àti láti gba ìwé ẹ̀rí pé o sanwó. Ó tún ní kí ẹni tó bá ń ta ohun àlòkù jẹ́wọ́ pé àlòkù ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ ta mọ́tò tí èèyàn ogún ti wà wò fún ọ, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì yọ nínú owó rẹ̀. Àjọ FCCPC ló ń rí sí òfin yìí, a sì lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí wọn. Ṣùgbọ́n ohun tó dáa jù ni kí ọ̀rọ̀ má dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn ló fà á tí mo fi ń sọ pé kó o má san ìdajì owó sílẹ̀ lórí ohun tí o kò tíì wà. Owó tó ti wọlé, ó ṣòro kó tó jáde.

Ìdájọ́ mi rèé, àbúrò mi. Bí mo bá gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan lónìí, ibì kejì ni mo máa yàn, nítorí ẹni tó fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kò bẹ̀rù ọjà rẹ̀. Ọjà tó bá dára, fúnra rẹ̀ ló ń ta ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì yẹ kó o yan lónìí. Fún ilé onígíláàsì náà láyè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí wọ́n bá gbà kí bàbá jókòó nínú rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kó o wà á, tí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, tí àwọn tó wà ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù sì jẹ́rìí wọn dáadáa, gba N600,000 rẹ, kó o fi ra epo fún bàbá. Bí wọ́n bá tún rẹ́rìn-ín, dìde, kí wọn, kó o máa lọ. O ti gba èsì rẹ.

Kí ẹ̀gbọ́n ní London mọ̀ pé òun jàre lórí wíwà á wò, ṣùgbọ́n owó táksí ń lọ lóṣooṣù, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí di oṣù mẹ́fà. Kí àbúrò ní Àbújá mọ̀ pé òun jàre lórí kí nǹkan tètè yá, ṣùgbọ́n ọjọ́ méje tó wà nínú ìwé tó láti fi ṣe gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Ìdó, pe àwọn méjèèjì lórí fóònù alájùmọ̀-rí-ojú, kí wọ́n rí bàbá bí wọ́n ṣe ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Kí bàbá fúnra wọn sì sọ èyí tó bá wọn lára mu. Tíṣà ni wọ́n, wọ́n ti máàkì ìwé tó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máàkì èyí náà.

Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra mọ́tò tuntun ní Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Èkó, báwo ni wọ́n ṣe ṣe yín lẹ́yìn tí wọ́n gbowó yín tán? Ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wà á kẹ́ ẹ tó rà á? Ọjọ́ mélòó ni sáfíìsì àkọ́kọ́ gbà? Ẹ kọ̀wé sí wa, kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ kó ṣeé kà. Èyí tó bá kọ́ni lọ́gbọ́n nínú rẹ̀ ni a ó tẹ̀ jáde. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.